Àwọn Tí Ó Kọ Owó-orí: Iye Òmìnira ní Ibodè Ìfọ̀nyìn

Ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni ni àwa ń pè ní Ìfọ̀nyìn. Bí ènìyàn bá gba Ìgólò kọjá sí Ìdí-Ìrókò, tí ó wọ inú ilẹ̀ Nàìjíríà, yóò gbọ́ orúkọ ìlú mìíràn ní ẹkùn náà: Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Orúkọ yìí kò nílò ògbufọ̀. Àwọn ará Ìfọ̀nyìn ni ó tẹ̀dó síbẹ̀. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó fi ọ̀kan sí abẹ́ ìjọba kan, tí ó fi èkejì sí abẹ́ ìjọba mìíràn.

Nígbà tí a bá ń ka àwọn akọni orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí ó gbé ohun ìjà ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bio Guéra, tí ó kú sójú ogun ní ilẹ̀ Bàrìbá ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1916, wà lórí ẹṣin rẹ̀ ní Kútọnu láti ọdún 2022 tí wọ́n ti ṣí ère rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kò kú sójú ogun, tí wọ́n fi ilé àti oko sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ sìn. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ìsáǹsá. Lójú tèmi, orúkọ náà kò bá wọn mu.

Kí ni wọ́n kọ̀? Láti ọdún 1899 ni Faransé ti ń gba owó-orí ní Dahomey. Iṣẹ́ àfipáṣe tẹ̀ lé e: ọ̀nà lílà, ẹrù rírù. Òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat fún aláṣẹ Faransé ní àyè láti ju ènìyàn sẹ́wọ̀n láìgbé e dé iwájú adájọ́. Òfin ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1912 tún dé, tí ó ní kí a máa mú ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe ológun fún ọdún 4. Nígbà tí ogun Yúróòpù bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ẹni tí wọ́n bá mú kò mọ̀ bóyá òun yóò padà wálé.

Àwọn Ọ̀họ̀rí, láàárín Pobè àti Kétu, ni ó dáhùn lọ́nà tí ó le jù. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ ni ilẹ̀ wọn, nínú àbàtà Kumi. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ mì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ilẹ̀ á sán. Àbàtà yìí ni odi wọn. Ní ọdún 1914 wọ́n dìde ogun sí Faransé, Òtútù-bí-òjò sì ni orúkọ tí ìtàn fi síwájú wọn. Agbára ìbọn borí wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìtàn àtakò àwọn Ọ̀họ̀rí sí Faransé, ọdún 1895 ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ọdún 1960 ni ó fi parí. Ọdún 65 nìyẹn. Ìbọn nìkan kò lè gbé àtakò dé ibẹ̀. Ibodè wà nítòsí, ẹbí wà ní òdìkejì, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Bí àkókò owó-orí tàbí ti kíkó ológun bá ti tó, àwọn ènìyàn á di ẹrù lóru.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré ni. Inú ilé ni àwọn bàbá wa ń sin òkú sí nígbà náà. Ẹni tí ó bá fi ilé sílẹ̀, ibojì ni ó fi sílẹ̀, àti ojúbọ, àti ọ̀pẹ tí baba rẹ̀ gbìn. Ọ̀pẹ kì í ṣe ohun tí à ń dì sínú ẹrù. Ibi tí ó sì dùn mí jù nìyí: iye owó tí wọ́n bù fún abúlé kì í tètè dínkù bí ènìyàn bá lọ. Arúgbó tí kò lè rìn, opó tí kò ní ẹni tí yóò sìn ín kọjá odò, àwọn ni ẹrù náà já lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni òmìnira ẹnìkan di gbèsè ẹlòmíràn nínú agbo-ilé kan náà. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ nítorí pé a fẹ́ yin àwọn tí ó lọ.

Òdìkejì ibodè pàápàá kì í ṣe ibi ìsinmi. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gbé owó-orí tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1918, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n òfin tí ń mú ọmọ lọ ṣe ológun lọ́dọọdún kò sí níbẹ̀, èyí sì tó fún ìyá tí ó ní ọmọkùnrin.

Òfin ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ọdún náà ni indigénat pẹ̀lú kásẹ̀ nílẹ̀. Òmìnira dé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lọ kò padà mọ́. Wọ́n ti bímọ, wọ́n sì ti sin òkú tiwọn síbẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Bí àgbà kan bá ń sọ ìtàn yìí ní kíláàsì yín, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó lò: bóyá ó ní "wọ́n sá", tàbí "wọ́n ṣí", tàbí "wọ́n kọ̀". Ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ agbo-ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́ ọn.