Omi Tó Ti Ṣàn Kọjá Lẹ́ẹ̀kan

Omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ìtùnú ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀, ni a máa ń pa á fún, pé ìpín ẹni kì í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mi ò bá àwọn àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n odò ni wọ́n wò kí wọ́n tó pa òwe náà, odò kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dúró létí rẹ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀ bu omi, ojú ni yóò fi sin odò lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú òwe yìí pẹ̀lú kádàrá. Ìlú tó fi iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀hún hàn jù lọ ni Windhoek, olú-ìlú Namibia, níbi tí omi tí aráàlú ti lò dànù ti ń padà wá sí ẹnu ẹ̀rọ wọn láti ọdún 1968.

Àwọn odò Namibia tí kì í gbẹ láàárín ọdún, ẹnubodè ni gbogbo wọn wà. Okavango, tó wà ní àríwá, jìn sí Windhoek tó nǹkan bí 700 kìlómítà. Òjò ọdún kan ní ìlú náà, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ nǹkan bí 370 mìlímítà, oòrùn sì ń fa ìlọ́po rẹ̀ gbẹ lójú adágún. Orísun omi gbígbóná ló mú kí ènìyàn tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́, àmọ́ bí ìlú ṣe ń gbòòrò, orísun kò tó mọ́. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n mọ dáàmù Goreangab ní 1958, síbẹ̀ òùngbẹ kò kúrò. Àwọn onímọ̀ omi ìlú náà àti àwọn ti South Africa, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, wá yíjú sí omi kan ṣoṣo tó ń pọ̀ sí i bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i: omi tí wọ́n ti fi wẹ̀, tí wọ́n ti fi fọ aṣọ, tí wọ́n ti fi ṣan ilé ìyàgbẹ́. Windhoek ni ìlú àkọ́kọ́ láyé tó sọ dídá irú omi bẹ́ẹ̀ padà tààrà sínú páìpù omi mímu di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Iléeṣẹ́ tuntun tí wọ́n parí ní 2002 lè mú mílíọ̀nù lítà 21 jáde lójúmọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi tí ìlú ń lò.

Ọ̀nà tí omi náà ń tọ̀ kò kúrú. Ilé ìtọ́jú omi ìdọ̀tí ní Gammams ló kọ́kọ́ ń gbà á, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń jẹ ẹ̀gbin inú rẹ̀ run. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ń parí tiwọn sí, tí wọ́n á da omi náà sódò. Ní Windhoek, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fẹ́ gáàsì òsóònù sí i. Wọ́n á fi kẹ́míkà onírin sí i kí ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ lè so mọ́ra, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi álọ́ọ̀mù mú omi odò tòrò nínú ìkòkò. Àmọ́ kàkà kí wọ́n dúró kí ó silẹ̀, afẹ́fẹ́ wínníwínní ni wọ́n ń tú láti ìsàlẹ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí náà léfòó, kí ẹ̀rọ lè gbá a kúrò lójú omi. Omi á gba inú yanrìn kọjá. Òsóònù á tún bá a lẹ́ẹ̀kejì, á pa fáírọ́ọ̀sì, á sì gé àwọn kẹ́míkà líle sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn èyí ló kan èédú.

Èédú yìí yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Kì í ṣe èédú ìdáná lásán. Wọ́n ti fi ooru gíga la ihò tí ojú kò lè rí sí i lára, débi pé bí a bá lè tẹ́ ojú ara gíráàmù kan péré sílẹ̀, yóò ju 500 mítà onígun mẹ́rin lọ. Inú ihò wọ̀nyí ni àjẹkù oògùn, kẹ́míkà apakòkòrò àti òórùn ń há sí. Lórí èédú àkọ́kọ́, kòkòrò àìfojúrí ti sọ ibẹ̀ dilé, wọ́n ń jẹ ohun tí òsóònù ti gé wẹ́wẹ́ kalẹ̀ fún wọn. Èédú kejì ń mú ìyókù. Ẹ̀yìn náà ni asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè gbà á kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ klórínì, kí wọ́n tó lú u pọ̀ mọ́ omi dáàmù. Kò sí ìpele kan tí wọ́n fọkàn tán ní òun nìkan. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, òmíràn ń dúró dè é níwájú.

Ọ̀nà mìíràn wà. Singapore, tó bẹ̀rẹ̀ NEWater, omi ìlò tí wọ́n tún sọ di mímọ́, ní 2003, àti Orange County ní California, tó ṣí tirẹ̀ ní 2008, awọ tíńtín ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń fi agbára ti omi gbà kọjá kí iyọ̀ lè ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ó ń mọ́ gan-an, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ níbi tí yóò lọ. Àwọn yẹn ní òkun nítòsí; Windhoek kò ní. Fún ìlú tó jìnnà sí òkun, ọ̀nà òsóònù àti èédú ló rọrùn jù.

Nínú gbogbo ohun tí Windhoek ṣe, èyí tí mo kà sí ọgbọ́n jù lọ kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Omi tó ń jáde láti àdúgbò iléeṣẹ́ ńláńlá, wọn kò jẹ́ kó pàdé omi ilé. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ sí páìpù mìíràn, ó ń lọ sí ibi ìtọ́jú tirẹ̀ ní Ujams. Kẹ́míkà tí kò bá wọ inú omi, kò sí ẹni tí yóò náwó lórí yíyọ rẹ̀.

Ìríra wà níbẹ̀ o, a kò lè fi pamọ́. Ní Toowoomba, ní Australia, nígbà tí ọ̀dá mú wọn, wọ́n dìbò lórí irú omi yìí ní 2006, ìdá tó ju 60 lọ nínú ọgọ́rùn-ún sì ní àwọn kò mu ún. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Inú tó ń rú sí ohun tó bá ti ilé ìyàgbẹ́ wá ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa là. Ṣùgbọ́n odò kì í sọ ohun tó gbé. Omi tí London ń fà láti inú odò Thames, àwọn ìlú òkè ti lò ó, wọ́n ti dá a padà sódò kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Windhoek kàn kọ̀ láti fi odò bojú ni. Ó ń yẹ omi rẹ̀ wò tọ̀sán-tòru, bí àyẹ̀wò bá sì kọjá ààlà, omi náà kò ní wọ ìlú. Big Spring ní Texas tẹ̀lé ìlú náà ní 2013, California sì fọwọ́ sí òfin tó gba irú dídápadà tààrà yìí láàyè ní Oṣù Kejìlá 2023.

Bí a bá fẹ́ irú rẹ̀ ní Èkó, ẹ̀rọ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa rà. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ló ní sókàwè tirẹ̀. Omi ìdọ̀tí ń rì sínú ilẹ̀ nítòsí kànga tí ilé kejì gbẹ́, kì í pàdé nínú páìpù kan tí a lè fi darí rẹ̀; ìyókù ń bá gọ́tà lọ sí ọ̀sà, òun pẹ̀lú epo mẹkáníìkì. Páìpù tó ń kó omi ilé jọ, òfin tó ń lé omi iléeṣẹ́ gba ọ̀nà mìíràn, yàrá àyẹ̀wò tí iná kì í kú níbẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ ń jáde fún aráàlú láti kà: ohun tó yẹ kí a máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. Ẹni tó bá gbé àwòrán ẹ̀rọ wá, kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí omi iléeṣẹ́ yóò gbà hàn wá.