Ọkọ̀ tí Ń Fi Ẹsẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Rìn

 

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gba ọ̀nà oko láàárín Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré nígbà òjò, yóò ti rí agbégilódò tí ó rì sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa yí bìrìbìrì, ẹrẹ̀ á máa ta sókè, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan. Ẹsẹ̀ iwájú ńkọ́? Ó kàn dúró ni, bí ẹni tí a pè sí ọ̀wẹ̀ tí ó káwọ́ lẹ́yìn. Ta ni ó kọ́kọ́ rò ó pé kí ẹsẹ̀ iwájú náà ṣiṣẹ́? Báwo ni ọgbọ́n náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè, n óò sì sọ ọ́ kí a tó pínyà.

Ní àtijọ́, orí ni ọkọ̀ wa. Rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ìlọrin. Kò ya Èkìtì. Àwọn baba wa ru ẹrù lórí títí ọkọ̀ ẹrù fi dé. Nígbà tí ó sì dé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ọ̀pọ̀ jùlọ wọn. Èyí kì í ṣe àìmọ̀kan. Iṣẹ́ méjì ni ẹsẹ̀ iwájú ní láti ṣe bí a bá fẹ́ kí ó fa ọkọ̀: kí ó máa yí, kí ó sì máa yà sọ́tùn-ún sósì bí awakọ̀ bá ti darí rẹ̀. Ọ̀pá gbọọrọ kò lè ṣe èyí. Ó gbọ́dọ̀ ní oríkèé, gẹ́gẹ́ bí ọrùn ọwọ́ wa ti ní in.

Oríkèé irin bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé ju ọkọ̀ lọ. Orúkọ Girolamo Cardano, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì tí a bí ní 1501, ni wọ́n fi ń pè é títí di òní. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Robert Hooke ní Ìlú Ọba ṣàlàyé àléébù kan nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá méjì bá fi oríkèé pàdé, tí ọ̀kan sì tẹ̀, ọ̀pá kejì kì í yí déédéé bí ti àkọ́kọ́. Nínú ìyípo kan ṣoṣo, á yára, á tún falẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ní 1903, àwọn oníṣẹ́ Spyker ní ilẹ̀ Netherlands ṣe ọkọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1908, àwọn oníṣẹ́ irin méjì ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Clintonville ní Amẹ́ríkà, Otto Zachow àti William Besserdich, gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba lórí oríkèé tí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú lè yà kí ó sì máa fa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ogun 1914 dé, irú ọkọ̀ wọn ni ó ń fa ẹrù nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà, ní 1931, Marmon àti Herrington dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Indianapolis. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ ẹrù Ford tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn oníṣẹ́ wa tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí là ni wọ́n ń tọ̀.

Àwọn ọmọ wa náà rí ọgbọ́n yìí lójú ogun. Ní 1941 ni jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Dífísọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, lọ jagun ní Bọ́mà. Wọ́n la ọ̀nà jíìpù láàárín òkè láti Chiringa lọ sí àfonífojì odò Kaladan. Ibi tí jíìpù kò bá lè dé, orí ni wọ́n tún fi ru ẹrù. Ogun parí ní 1945. Ní 1948 ni Land Rover jáde ní Amsterdam. Àwọn tí ó ṣe Mercedes 911 tí gbogbo yín mọ̀ ṣe oríṣi méjì: L 911 tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wà, àti LA 911 tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà. Álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá ni nínú igbó.

Wàyí o, ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí wá bá mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ sọ agbégilódò mi di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Mo ti rí àpótí tòkúnbọ̀ kan, owó rẹ̀ kò wọ́n.” Gbogbo àjọ tí ó dá fún ọdún mẹ́ta ni ó fẹ́ kó sílẹ̀. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, nítorí náà mo mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá náà sọ fún wa.

Ó ní àpótí apín-agbára máa ń wà lẹ́yìn jíà. Ó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, ó ń pín in fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní jíà kékeré fún gíga òkè. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni ibi tí ẹnu iwájú rẹ̀ wà. Bí ẹnu náà bá wà lápá òsì, tí ìdí jíà ẹsẹ̀ iwájú sì wà lápá ọ̀tún, ṣáàfù yóò gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì ní wíwọ́.

Èkejì, eyín irin iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ṣáàfù ẹ̀yìn bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ti iwájú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́fà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa bá ara wọn jà títí irin kan yóò fi kán. Bí wọ́n tilẹ̀ bára mu, ẹ yọ ẹsẹ̀ iwájú kúrò nínú iṣẹ́ bí ẹ bá dé orí ọ̀dà, nítorí pé tí ọkọ̀ bá ń yà, ìrìn iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ.

Ẹ̀kẹta ni ṣáàfù fúnra rẹ̀. Oríkèé méjì ni ó ní, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí àléébù tí Hooke rí: ohun tí oríkèé kìíní bà jẹ́, èkejì ni ó ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò lè tún un ṣe bí ìtẹ̀sí wọn kò bá dọ́gba, tàbí bí a kò bá to orí méjèèjì kí wọ́n kọjú sí ibì kan náà. Ṣáàfù yóò máa gbọ̀n títí yóò fi já. Bákan náà, ó ń gùn, ó ń kúrú, bí táyà ti ń bọ́ sí kòtò. Ìdí nìyí tí apá kan rẹ̀ fi ń wọ inú èkejì bí ọ̀bẹ nínú àkọ̀. Ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, kì í ṣe lórí jáàkì.

Bàbá náà wo ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ó ní, “Ọmọ mi, àwọn ọmọ tí ń bá ọ dì gẹdú, orí igi ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ṣáàfù iwájú bá já, tí orí rẹ̀ gún ilẹ̀ lórí ìsàlẹ̀ òkè, kí ni ìwọ yóò wí fún ìyá wọn? Ẹsẹ̀ mẹ́rin ń mú ọkọ̀ rìn ni; kò fi kún bíréèkì rẹ̀.” A lọ wo àpótí náà. Apá òsì ni ẹnu rẹ̀ wà. Apá ọ̀tún ni ti irin iwájú tí ó fẹ́ fi sí i wà. Kò rà á. Ó kó owó rẹ̀ padà sílé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ẹrẹ̀ tí ń dá ọkọ̀ dúró ti ṣọ́ igbó wa fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ìnàkí ṣì wà nínú igbó ọba Ìsẹ̀ tí ìjọba fi òfin dáàbò bò. Ọkọ̀ tí ó lè dé ibi gbogbo lè gé ibi gbogbo tán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ó ra ojú tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí a dúró pẹ̀lú.

Ó dìgbà kan ná o.