Ìyá Kúdẹ̀tì: Nígbà Tí Ọ̀nà Dí Mọ́ Aláàánú

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà kan dé bá mi láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan. Ó wà ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí òun àti àwọn Kírísítẹ́nì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìní òbí. Ó ní owó tí àwọn ń retí kò dé, pé àìsàn ti dá méjì nínú àwọn padà sílé, àti pé wọ́n ti ti ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ ìlú. Ìbéèrè tó fi parí lẹ́tà náà kò kúrò lọ́kàn mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ṣé kì í ṣe asán ni a ń ṣe yìí? Ṣé kí n kúkú máa bọ̀ wálé?"

Èmi kì í ṣe ajíhìnrere. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ẹni tó lọ ṣe àánú ní ilẹ̀ onílẹ̀ tí wàhálà sì ká a mọ́ ibẹ̀, kò yẹ kí a wá a lọ títí. Ìbàdàn tiwa níhìn-ín ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìtàn Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ ni mo fi dá ọmọ náà lóhùn. Òun náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ta ni obìnrin yìí?

Ìlú Hempnall, ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Anna Martin ní ọdún 1827. Ọmọdé ni ó wà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ọ̀dọ̀ àlùfáà ìlú Lowestoft àti aya rẹ̀ ni ó gbé dàgbà, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ìwé. Ní ọdún 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì láti ìlú Schorndorf, ẹni tí ẹgbẹ́ C.M.S. ti rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1849. David ti kọ́kọ́ ṣe àbẹ̀wò sí Ìbàdàn ní ọdún 1851, àwọn ìjòyè sì ti gbà kí ó wá máa gbé láàárín wọn. Nígbà ayé Baálẹ̀ Olúgbódé, ní ọdún 1853, ni tọkọtaya náà dé, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì.

Kí ẹ rántí irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́ nígbà náà. Àwọn jagunjagun ló dá a sílẹ̀, ogun sì ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Òbí wo ni yóò fi ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò kí ó máa ka A, B, D? Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ọ́ ni ó ta àwọn yòókù yọ: ó fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́. Àwọn ni ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Kúdẹ̀tì.

Ìyá ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pe Anna. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní èdè wa, kì í ṣe ẹni tó bí ni nìkan là ń pè ní ìyá. Ẹni tó tọ́ ọmọ ni ìyá, ẹni tó ń tajà ní iwájú ilé ni ìyá, ẹni tó ṣe olórí obìnrin ìlú ni a fi ọ̀rọ̀ kan náà pè, Ìyálóde. Anna kò bímọ títí ó fi kú. Síbẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ èdè wa, ó rí ipò kan tí èdè náà ti pèsè sílẹ̀ fún un. Bí kò bá sí ipò yìí, àlejò lásán ni ì bá jẹ́ títí lọ.

Ìṣòro tó ṣáájú ogun

Kò sí ọdún kan tó rọrùn. Ibà ń ṣe wọ́n lọ́tùn-ún lósì. J. T. Kefer, ọmọ Jámánì tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, kú sí Ìbàdàn ní ọdún 1855. Àwọn ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ràn ìsìn tuntun jẹ pàṣán lọ́wọ́ àwọn òbí wọn, wọ́n sì há àwọn mìíràn mọ́lé. Ní ọdún 1856, àìsàn lé tọkọtaya náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 ni wọ́n tó padà dé.

Mo fẹ́ kí ẹ fi iyè sí ìrìn àjò ìpadàbọ̀ yẹn, nítorí pé ìdílé kan tẹ̀lé wọn láti ilẹ̀ Sierra Leone. Henry Johnson, ọmọ Yorùbá tí oko ẹrú gbé dé ibẹ̀, ni baálé wọn. Olùkọ́ ìjọ ni ó wá ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Samuel. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà dí

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Adélù, àrẹ̀mọ rẹ̀, gorí oyè, bẹ́ẹ̀ ní àṣà àtẹ̀yìnwá, ṣe ni àrẹ̀mọ máa ń bá ọba kú. Ìbàdàn fara mọ́ Adélù. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1860 ogun Ìjàyè bẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá dìde láti ran Ìjàyè lọ́wọ́, Ìjẹ̀bú sì ti Ẹ̀gbá lẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí etí òkun, bí kò bá gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, yóò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lójú kan náà, méjèèjì dí. Owó ẹyọ sì ni owó ìgbà náà. Ẹ ti mọ̀ pé ọ̀kẹ́ ni a ń pe àpò, ọ̀kẹ́ náà ni a sì ń pe ẹgbàáwàá, ìyẹn 20,000. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyọ 20,000 ni ó wà nínú ọ̀kẹ́ owó kan, ẹrù kan gbáko sì nìyẹn fún alárù. Nítorí náà, owó kò lè fò kọjá lórí ogun. Orí ènìyàn ni owó ń gbà rìn. Nígbà tí alárù kò rí ọ̀nà gbà, owó iṣẹ́ àwọn Hinderer wà ní Èkó, àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń bọ́ sì wà ní Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà yóò ṣí lẹ́yìn náà tan ara rẹ̀ jẹ. Ogun kó lọ sí ìhà Rẹ́mọ, ó sì di ọdún 1865 kí ó tó rọlẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko! Tọkọtaya náà ta ohun èlò ilé wọn díẹ̀díẹ̀ láti fi ra oúnjẹ, títí dé orí agolo òfìfo àti páànù inú àpótí. Ẹ̀wà tí wọ́n fi epo àti ata sè di oúnjẹ tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí. Lẹ́yìn tí Ìjàyè fọ́, ẹnu kan tún kún un: Edward Roper, òyìnbó C.M.S. tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú ní Ìjàyè, di ẹni tí ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe?

Wọn kò ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan. Ilé ẹ̀kọ́ kò dúró, ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kò sì dúró. Nígbà tí David kò lè rìn jìnnà mọ́, ó jókòó ti èdè: òun ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan nípa arìnrìn-àjò Kírísítẹ́nì sí Yorùbá, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n wo ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí kò lè ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Nǹkan mìíràn sì yí padà láìsí ariwo. Nígbà tí ohunkóhun kò wá láti òkè òkun mọ́, ọjà Ìbàdàn ni ó bọ́ wọn, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kọ́ ni ó sì di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé wọn, di olùkọ́ ìjọ. Henry Johnson ń bójú tó ìjọ Àrẹ̀mọ. Aláàánú di ẹni tí a ń ṣàánú fún. Mo rò pé ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí n má baà dà bí ẹni tí ń kọ oríkì, Anna kò lóye gbogbo ohun tó rí. Òkùnkùn ni ó ń pe ẹ̀sìn àwọn baba wa nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ẹni tó bá ka àkójọ ìwé rẹ̀, Seventeen Years in the Yoruba Country, tí ó jáde ní ọdún 1872, yóò rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró nígbà tí ebi dé, ìyẹn náà sì jẹ́ òtítọ́.

Ìpadàsílé

Ní ọdún 1865, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Gómìnà Glover ti Èkó lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú, ó rán ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Maxwell láti la ọ̀nà inú igbó lọ sí Ìbàdàn. Òru ni ó dé. Ara Anna ti hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Wọ́n gbé e sínú àsọ̀ tí alárù ń gbé, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú ẹkún. David àti Roper tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà.

Wọ́n tún padà wá. Ṣùgbọ́n ara kò gbà á mọ́, ìlú pàápàá kò sì rọgbọ: ní ọdún 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde. Ní ọdún 1869, àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 1870, Anna kú ní Martham, ní Norfolk. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

Ká ní ẹnì kan ṣírò iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ náà, kí ni ì bá kọ sílẹ̀? Ìjọ kékeré, gbèsè, àìsàn, ogun. Ì bá kọ ọ́ pé asán ni.

Ohun tó kù

Olúbí ni ó gba iṣẹ́ náà. Ó di àlùfáà, ó sì wà ní ìdí ìjọ Ìbàdàn títí ó fi kú ní ọdún 1912. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ọjọ́sí ńkọ́, Samuel Johnson? Ó dàgbà nínú ìlú tí ọ̀nà ti dí mọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì sọ ilẹ̀ Yorùbá di rúdurùdu láti ọdún 1877, òun wà lára àwọn tí ń rìn láàárín àgọ́ ogun méjèèjì. Òun àti Charles Phillips ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ojú ogun ní ọdún 1886, ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Òun náà ni ó kọ The History of the Yorubas. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní ọdún 1921. Lónìí, ta ni nínú àwa tí ń kọ́ ìtàn Yorùbá tí kò mu nínú odò yẹn?

Ṣọ́ọ̀ṣì St. David ṣì wà ní Kúdẹ̀tì. Ilé ẹ̀kọ́ St. Anne ní Ìbàdàn sì ń jẹ́ orúkọ Anna títí dòní. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn Hinderer fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gbogbo ohun tó wà nínú ilé wọn tán fúnra wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni kò tà á.

Èsì tí mo fún ọmọ náà

N kò sọ fún un pé dandan ni kí ó dúró. Anna padà sílé nígbà tí ara rẹ̀ kọ̀, kò sì sí ẹni tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Bí àìsàn bá ti dé, kí ó wá sílé wá tọ́jú ara. Ìbéèrè kan ni mo fi ránṣẹ́ sí i dípò ìmọ̀ràn: "Bí o bá kúrò níbẹ̀ lọ́la, ta ni ọmọ ìlú náà tí ó mọ iṣẹ́ yẹn bí ìwọ ti mọ̀ ọ́n?" Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, kí ó fọkàn balẹ̀. Bí kò bá sì sí, iṣẹ́ tó kù fún un nìyẹn, kò sì gba owó tí ó di ojú ọ̀nà kó tó ṣe é.

Lánàá ni ó dáhùn. Ó ní obìnrin kan wà níbẹ̀, aládùúgbò wọn, tí ń bá wọn dáná láti ìbẹ̀rẹ̀, tí òun kò sì bi ní ìbéèrè kankan rí ju iye iyọ̀ tó kù lọ. Ó ní òun yóò lọ jókòó tì í lónìí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá mọ ẹlòmíràn tí ọ̀nà dí mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì, kí ó bá mi ka ìtàn yìí sí i létí. Ó tún dìgbà kan ná. Ire o.