Ọ̀wẹ̀ Wáyà: Bí Wọ́n Ṣe So Kíláàsì Pọ̀ Mọ́ra ní Amẹ́ríkà

Tí wọ́n bá sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè: níbo gan-an ló wà? Ní ọ́fíìsì ọ̀gá ni, àbí ní kíláàsì?

Ní ọdún 1994, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba 35 nínú 100 ní Amẹ́ríkà ló ti ní íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ tí a bá ní ká ka kíláàsì, 3 péré nínú 100 ló dé. Kì í ṣe pé kò sí kọ̀ǹpútà o. Yàrá kọ̀ǹpútà lè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, kí yàrá ìkàwé ní tirẹ̀, kí ọ́fíìsì náà ní tirẹ̀. Kálukú ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yàrá ìkàwé, ọmọ tó jókòó sí kíláàsì ò lè rí i, àfi tó bá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ògiri ló wà láàárín wọn. Láti so wọ́n pọ̀, wáyà ní láti gba inú àjà láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan wá sí ojú kan, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní hub tàbí switch wà. Wáyà kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Lẹ́yìn náà ni router á wá dúró bí oníbodè: òun ló ń mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti inú ilé àti èyí tó ń lọ sí ìta. Wáyà nìkan kọ́ ló ń náni lówó. Ta ló máa sanwó àwọn tó máa lu ògiri?

John Gage ti Sun Microsystems àti Michael Kaufman ti KQED, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ní San Francisco, ló bá dábàá ohun tí Yorùbá ń pè ní ọ̀wẹ̀. NetDay ni wọ́n pè é. Ní March 9, 1996, nǹkan bí 20,000 èèyàn jáde káàkiri Kalifóníà: òbí, olùkọ́, ẹnjiníà. Ààrẹ Bill Clinton àti igbákejì rẹ̀, Al Gore, náà bá wọn fa wáyà ní ilé ẹ̀kọ́ Ygnacio Valley ní ìlú Concord.

Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ lè bá wa gbé òrùlé ró, kì í bá wa san owó iná lóṣooṣù. Oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà ni Clinton ti fọwọ́ sí òfin ìbánisọ̀rọ̀ tuntun, èyí tó bí ètò E-rate. Ètò yìí fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀dínwó láti 20 dé 90 nínú 100, wáyà inú ilé sì wà lára rẹ̀. Bí àwọn ọmọ tálákà bá ṣe pọ̀ tó nílé ẹ̀kọ́ kan ni ẹ̀dínwó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tó fi máa di 2000, kíláàsì 77 nínú 100 ti wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn tálákà ṣì wà lẹ́yìn.

Ohun kan wà tí E-rate ò sanwó fún: ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Ní 2001, Larry Cuban, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, gbé ìwé jáde lórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Silicon Valley, níbi tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí bí iyanrìn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó ní kíláàsì.

Nítorí náà, tí wọ́n bá tún ń gé ríbọ́ọ̀nù níwájú yàrá kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò yín, ẹ bá wọn pàtẹ́wọ́, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: kíláàsì mélòó ni wáyà dé, ta ló máa máa san owó rẹ̀, ta ló sì kọ́ àwọn tíṣà?