Tunde King àti Orin Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí a bá dárúkọ orin jùjú lónìí, I. K. Dairo, Ebenezer Obey àti Sunny Ade ni ó ń wá sí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rántí Tunde King, ẹni tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó fi ìpilẹ̀ orin náà lélẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ lè sọ pé orin náà gbẹ, pé ìlù rẹ̀ kò pọ̀. Ìdájọ́ yìí ni ó yẹ kí a tún gbé yẹ̀ wò.

Lórí erékùṣù kan náà tí Ẹnu Ọwá wà, níbi tí ètò ìfọbajẹ ti máa ń wáyé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni Olówógbowó, àdúgbò àwọn Sàró, wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Abdulrafiu Babatunde King sí ìdílé Mùsùlùmí ní ọdún 1910. Ó kàwé dé Eko Boys' High School, ó sì di akọ̀wé. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a máa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní òpópónà West Balogun. Wọn a mutí, wọn a tàkúrọ̀sọ, wọn a fi ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà ṣe ìlù, wọn a sì dá orin lójú ẹsẹ̀.

Inú eré bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ King ti jáde: gìtá-bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tamboríìnì àti ohùn ènìyàn. Àlàyé kan sọ pé jíjù tí onítamboríìnì ń ju ìlù rẹ̀ sókè tí ó sì ń hán an ni ó bí orúkọ náà, jùjú.

Kékeré tí ẹgbẹ́ yìí kéré kì í ṣe àbùkù. Nínú pálọ̀ àwọn ọlọ́lá Èkó ni wọ́n ti ń ṣeré, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí ìlù bá pọ̀ níbẹ̀, yóò bo ohùn mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn nínú èdè Yorùbá. Nígbà tí ìlù kò dí ọ̀rọ̀ lọ́nà, òwe àti oríkì a máa wọ olùgbọ́ létí ṣinṣin. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù ayé ìgbà náà kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kò sí àyè fún àsọtúnsọ. Irú rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni King ṣe fún Parlophone ṣáájú ọdún 1940.

King bá iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kúrò nílùú. Nígbà tí ó padà dé láti Dakar ní ọdún 1954, etí ará Èkó ti yí padà. Gángan ti wọ jùjú ní 1948. Ayinde Bakare sì ti mú gìtá oníná wọ̀ ọ́ ní 1949. Ẹ̀rọ gbé ohùn sókè, àyè sì gba ìlù púpọ̀. King kò tún gba ipò rẹ̀ àtijọ́ títí ó fi kú.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà náà tètè ń fọ́. Èyí tí ó bá fọ́ láìjẹ́ pé a ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kí olùkọ́ wá ìyókù, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ jùjú òde òní, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi etí ara rẹ̀ dájọ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.