Àwọ̀n Awọ́lẹ̀ àti Iyùn Tó Wà Láàyè

“Ohun èlò ìpẹja abẹ́ omi tí a ń fà kiri orí ilẹ̀ òkun.” Mo ka èyí nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ̀ wò, inú sì bí mi. Wọ́n pè é ní orúkọ àwọ̀n kan. Àlàyé ni. Kò sí apẹja tó lè fi ké sí ẹnìkejì rẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí kò le. Ibùgbé ni ibi tí ẹ̀dá ń gbé. Ẹrẹ̀ kíkúnná tó sìlẹ̀ sí abẹ́ òkun, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti da omi orí ògì rí mọ bó ṣe ń rú. Bí àwọ̀n náà bá kọjá, ó máa ń rú sókè, a sì bo àwọn ẹ̀dá tó ń sẹ́ omi jẹun mọ́lẹ̀.

Orúkọ àwọ̀n náà gan-an ni ìjà wà. Àwọn kan dábàá “àwọ̀n agbálẹ̀”. N kò gbà. Ẹni tó gbálẹ̀ ṣe ilé lóore, ìdọ̀tí ló kó dànù. Àwọ̀n yìí, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin àti pátákó wíwúwo tó ń ya ẹnu rẹ̀, a máa la poro sórí ilẹ̀ òkun, a sì ṣẹ́ ohunkóhun tó bá nàró. “Wọ́” ló bá a mu. À ń wọ́ gẹdú kúrò nínú igbó; agbádá tó gùn jù a máa wọ́lẹ̀. Ohun tí a bá wọ́ kì í ṣàì fi ipa sílẹ̀. Fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “a-” síwájú, bí a ti rí apẹja láti ara pẹja, ó di awọ́lẹ̀. Àwọ̀n awọ́lẹ̀! Kí akọ̀wé má ṣàì fi àmì sí i o: láìsí àmì òkè, “wọlẹ̀” ni, ohun tí wọ́n ní àwọn akọni ìgbàanì ṣe kí wọ́n tó di òrìṣà.

Ọkọ̀ tó ń fà á lè máa jẹ́ tírọ́là lọ. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò níbi tí a kò bá ní tiwa.

Ṣùgbọ́n a ní iyùn! Ìwé náà kọ “òkúta òdòdó òkun”. Iyùn kì í ṣe òkúta rárá. Ẹ̀dá kéékèèké ló kọ́ ọ bí egungun. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni iyùn túmọ̀ sí. Ṣebí òwú ni à ń pè é lórí igi, òwú náà ni lẹ́yìn tí a ran án? Iyùn pupa tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń kó wá sí etíkun wa láti Òkun Mẹditaréníà, igi àgbélébùú tí wọ́n so àwọ̀n mọ́ ni wọ́n fi ń wọ́ ọ jáde, kí Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó fòfin de irinṣẹ́ náà ní 1994. Ohun tó wà lọ́rùn àwọn ọba wa ti mọ awọ́lẹ̀ tipẹ́.

Àwọn iyùn tó wà ní Darwin Mounds, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Scotland, tí a ṣàwárí ní 1998 ní nǹkan bí 1,000 mítà nísàlẹ̀, iyùn omi tútù ni kí a máa pè wọ́n. Àwọ̀n ti ṣẹ́ lára wọn kí wọ́n tó ti ibẹ̀ mọ́ ọn ní 2003.

Mo dá ìwé wọn padà. Ìlà tí mo tún kọ nìyí: Àwọ̀n awọ́lẹ̀ ṣẹ́ iyùn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì bo èyí tó ṣẹ́kù.