Àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà: ohun tí ẹbí lè ṣe nílé

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé púpọ̀, àmọ́ tí a kì í fẹ́ sọ síta: ọ̀rọ̀ bàbá tàbí ìyá tó ti dàgbà, tí iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rà. Á béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ kan. Á gbéra lọ sí oko tí wọ́n ti tà tipẹ́. Á fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀. Àwọn kan á ní ó ń ṣarán ni, àwọn kan á ní wèrè ni, àwọn mìíràn á tilẹ̀ sọ pé àjẹ́ ni. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé àìsàn inú ọpọlọ ni. Ẹni tó ń ṣe nílò ìtọ́jú, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà sì nílò ìrànlọ́wọ́.

Kí ni àìsàn yìí?

Démence ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Àwa á pè é ní àrùn ìgbàgbé níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju ìgbàgbé lọ: ó ń kan ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣirò owó, ìwà, àti ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni maladie d'Alzheimer, tí dọ́kítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1906. Òmíràn máa ń wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ dáadáa, pàápàá lẹ́yìn AVC, ìyẹn rọpá-rọsẹ̀, tàbí nígbà tí tension bá ti ga fún ọdún púpọ̀ láìsí ìtọ́jú.

Ẹ má rò pé àìsàn òyìnbó ni. Àwọn dọ́kítà ti wá a wò lọ́dọ̀ tiwa náà. Ní Djidja, ní ẹkùn Zou, wọ́n yẹ àgbà 502 wò, àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2009, wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, nǹkan bíi 2,6 ló ní i. Ní Cotonou, wọ́n yẹ àgbà 1.139 wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2011, ó sì jẹ́ 3,7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1995: ó lé díẹ̀ ní 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pọ̀ tó ti ìlú òyìnbó, àmọ́ ó wà. Bí àwọn àgbà wa sì ṣe ń pẹ́ láyé sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i.

Ìgbàgbé lásán kọ́ nìyẹn

Gbogbo àgbà ló ń gbàgbé nǹkan. Bí ìyá bá gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tó sì rántí nígbà tó yá, kò sí ewu níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá rí i pé:
– ó ń sọnù lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti kékeré;
– kò mọ iye owó tó yẹ kó dá padà fún oníbàárà mọ́, ó sì ti ń ná ọjà láti ọjọ́ pípẹ́;
– ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra;
– ó ń fi ẹ̀sùn olè kan àwọn ará ilé nítorí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa mọ́;
– kò dá ojú àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ dáadáa mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni àrùn ìgbàgbé máa ń wọlé, fún oṣù, fún ọdún. Bí ó bá jẹ́ pé lánàá ni orí àgbà pé, tó wá jẹ́ pé lónìí ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń sùn ṣáá tàbí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ má dúró o! Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àìsàn ibi ìtọ̀, àìmu omi tó, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ tàbí AVC. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí centre de santé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ṣe é wò.

Ibo ni ká lọ?

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí centre de santé tó súnmọ́ yín, lẹ́yìn náà hôpital de zone. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo tension, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀, etí àti ojú. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo. Àgbà tí kò gbọ́ràn dáadáa lè dà bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí ìyàwó náà lè jọ àrùn ìgbàgbé. Bó bá pọn dandan, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí neurologue ní Parakou tàbí ní Cotonou.

Ká sọ òótọ́: kò tíì sí oògùn tó ń wo Alzheimer sàn. Àwọn oògùn kan wà tó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀, dọ́kítà ló sì ń kọ wọ́n. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun á wò ó sàn pátápátá, tó sì ní kí ẹ ta ewúrẹ́ tàbí ilẹ̀, ẹ sá fún un. Ẹ má sì ra oògùn oorun lójú ọjà fún àgbà kó lè dákẹ́: ó lè mú kó ṣubú, kí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, kí orí rẹ̀ sì tún dàrú sí i.

Ẹ má pè é ní àjẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a ò sì ní fò ó. Ìyá arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tó ń rìn kiri, tó ń bínú láìnídìí, òun ni wọ́n tètè máa ń nawọ́ sí bí ọmọ bá kú nínú ilé. Bí wọ́n bá sì bi í pé «Ṣé ìwọ lo ṣe é?», ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà lè gbà sí ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, nítorí pé kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ má lù ú, ẹ má lé e jáde, ẹ má fi ebi pa á láti fi lé ẹ̀mí jáde, ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀. Ọmọ Benin kan, Grégoire Ahongbonon, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa tú àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n tí ẹbí fi dè wọ́n. Ìdè kì í wo ọpọlọ sàn. Egbò ló ń dá sí ara.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Ẹ má bá a jiyàn. Bó bá ní ìyá òun ń dúró de òun lóko, ẹ má sọ pé «Ìyá yín ti kú tipẹ́!» Lójú rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló ń gbọ́ ọ̀fọ̀ náà. Ẹ ní: «Ẹ sọ̀rọ̀ ìyá yín fún wa, Màmá», kí ẹ wá fi oúnjẹ tàbí iṣẹ́ díẹ̀ yí ọkàn rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jọ èkejì: àkókò kan náà fún ìwẹ̀, fún oúnjẹ, fún oorun. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀: ṣíṣa ẹ̀wà, bíbó ẹ̀pà, gbígbá iwájú ilé. Ẹ ki oríkì ìdílé rẹ̀ fún un, ẹ kọ orin ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tó ti gbàgbé orúkọ ọmọ ṣì lè gbe oríkì náà lẹ́nu.

Bó bá ń jẹun, kó jókòó dáadáa, kí òkèlè kéré, kí ẹ má kán an lójú. Ẹ máa fún un lómi láìdúró kó béèrè, pàápàá nígbà ọyẹ́ àti ooru. Bó bá ti dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má bàa dá sí ìdí rẹ̀.

Lóru, ẹ tan iná kékeré sí ọ̀nà ilé ìgbẹ́. Ẹ gbé àdá, òògùn koríko, epo bẹntiróòlù àti ìṣáná kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Ẹ ṣọ́ kànga, ẹ ṣọ́ títì. Ẹ rán nọ́mbà tẹlifóònù ilé mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, fún àwọn zémidjan tó ń dúró ní ìkóríta, àti fún olórí abúlé, kí wọ́n lè mú un padà bí wọ́n bá rí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó

Ìgbà tí àgbà kò mọ ohun tó ń fọwọ́ sí mọ́ ni àwọn kan máa ń gbé ìwé títa ilẹ̀ wá. Oko kajú tí gbogbo ẹbí ń jẹ lè lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ẹbí jókòó nígbà tí àìsàn náà kò tíì le, kí wọ́n bi àgbà léèrè ohun tó fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ìka rẹ̀ tẹ ìwé níkọ̀kọ̀. Bí ìjà bá dé, òfin Benin fàyè gbà á kí adájọ́ ní tribunal yan ẹnì kan láti máa bójú tó ohun ìní rẹ̀. Tutelle ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó ń tọ́jú náà ènìyàn ni

Lọ́pọ̀ ilé, orí ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ni gbogbo ẹrù náà ń já lé. Kì í sùn lóru, kò lè lọ sọ́jà, àwọn yòókù á sì wá nígbà ọdún láti wá bá a wí pé Màmá rù. Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dé orí o. Kí ẹbí pín in: ẹnì kan á máa wá lọ́jọ́ ọjà kó lè jáde, ẹni tó wà ní Cotonou tàbí ní Nàìjíríà á máa fi owó oògùn àti ọṣẹ ránṣẹ́ lóṣooṣù. Bí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú bá rí i pé inú ti ń bí yín débi pé ọwọ́ fẹ́ ṣíwájú ọ̀rọ̀, ẹ pe ẹlòmíràn sí i, kí ẹ jáde síta díẹ̀. Ó ti rẹ̀ yín ni, ẹ kì í ṣe ènìyàn búburú.

Ohun tí a lè ṣe kó tó dé

Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet kó jọ ka ohun 14 tó ń dá kún àrùn yìí. Púpọ̀ nínú wọn wà níkàáwọ́ wa: ẹ máa wo tension, ẹ tọ́jú àtọ̀gbẹ, ẹ dín sódàbí àti sìgá kù, ẹ dé akoto lórí ọ̀kadà, ẹ tọ́jú etí àti ojú, ẹ má fi àgbà sílẹ̀ ní òun nìkan látàárọ̀ dalẹ́. Kí ọmọ sì kàwé, torí ìwé kíkà wà lára ohun tó ń dáàbò bo ọpọlọ.

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò mọ ìwé kà nínú ilé yín, kí ẹ sì pe ìpàdé ẹbí lọ́sẹ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kàn yín.